Ta Ló Ṣe Àpótí Orin Yìí? Láti Lọ́ńdọ̀nù dé Festac Town

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú bọ́ọ̀sì, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 2 ti dá dúró, ẹ kú ìnira. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé tí ẹ ń fọ aṣọ, tí ẹ sì ń gbọ́ wa lórí fóònù, ẹ kú iṣẹ́. Ìtàn la tún gbé dé lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣe nǹkan kan fún mi. Ẹ yí fóònù yín padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Orúkọ wo lẹ rí níbẹ̀? Orúkọ ilé-iṣẹ́ ni. Ẹni tó jókòó ti tábìlì, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ẹ̀yà fóònù yẹn pọ̀, orúkọ tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òun ló ṣe é. Ọ̀rọ̀ yìí ti mọ́ wa lára débi pé a kì í bèèrè mọ́. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ti pẹ́ nílé, tó ti di ogún, ìbéèrè yẹn a máa padà wá: ta ló ṣe é gan-an? Ìbéèrè yìí ló gbé mi rìn fún oṣù méjì, nítorí àpótí orin kékeré kan ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin.

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọn kò fẹ́ kí n dárúkọ wọn, nítorí náà "Bàbá" ni màá máa pè wọ́n. Wọ́n ní concertina kan. Ẹ̀yin tí ẹ kò rí i rí, ẹ fojú inú wo àpótí kékeré kan tó ní igun mẹ́fà, tí ènìyàn lè gbé sórí itan. Bọ́tìnì kéékèèké wà lápá ọ̀tún, wọ́n wà lápá òsì. Láàárín ni awọ àti páálí tí wọ́n ṣẹ́ po wà, tí a ń fà, tí a ń tì, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Àbúrò akọ́díọ̀nù ni.

Bàbá tó bí wọn lọ́mọ ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá láàárín àwọn ọdún 1950. Lọ́wọ́ atukọ̀ òyìnbó kan ni wọ́n ti rà á níbẹ̀. Láti ìgbà yẹn ló ti ń bá ìdílé náà kó láti ilé dé ilé, títí wọ́n fi dé Festac Town. Ní ọdún tó kọjá, ara Bàbá kò yá, owó ilé ìwòsàn sì wọlé. Ẹnì kan tó ń ra ọjà àlòkù wá wo àpótí náà, ó ní "Ṣáínà" ni, pé kò níye lórí, pé òun kàn fẹ́ fi owó díẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́ ni. Méjì nínú àwọn ọmọ Bàbá ní kí wọ́n tà á. Méjì yòókù ní èèwọ̀, ohun ìní Bàbá Àgbà kò gbọdọ̀ kúrò nílé. Ìjà fẹ́ dé. Bàbá fúnra wọn ló pa á: "Ẹ má tíì tà á. Ẹ kọ́kọ́ bá mi wádìí ẹni tó ṣe é. Èmi ò lè ta ohun tí mi ò mọ ẹni tó bí i."

Ọmọ-ọmọ wọn tó máa ń gbọ́ ètò wa ló fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Bí mo ṣe di olùwádìí nìyẹn.

Ahọ́n irin

Kí n tó sọ ẹni tó ṣe é, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń dún. Gbogbo wa mọ agídìgbo. Wọ́n á de ìdí irin pẹlẹbẹ mọ́ ojú àpótí, wọ́n á fi orí rẹ̀ sílẹ̀. Àtàǹpàkò á ta á, irin á gbọ̀n, àpótí á gbé ohùn rẹ̀ jáde. Irú irin bẹ́ẹ̀ ló wà nínú concertina, àmọ́ wọ́n kéré gan-an. Ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan le mọ́ férémù irin, orí rẹ̀ wà lófìfo lójú ihò tóóró kan. Dípò àtàǹpàkò, afẹ́fẹ́ ló ń ta á. Bí o bá fa àpótí tàbí o tì í, tí o sì tẹ bọ́tìnì, ojú ihò á ṣí, afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀ kọjá, ahọ́n irin á gbọ̀n. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú hámóníkà tí àwọn ọmọdé máa ń fun.

Irin tó gùn ló ń gbé ohùn ìsàlẹ̀, èyí tó kúrú ló ń gbé ohùn òkè. Ẹni tó ń tún ohùn rẹ̀ ṣe kò ní ju fáìlì lọ lọ́wọ́. Bó bá ha irin díẹ̀ níbi orí, ohùn á ròkè. Bó bá ha á níbi ìdí, ohùn á lọ sílẹ̀. Bó bá ha á jù, ó ti bà á jẹ́, ó di kó tún òmíràn ṣe. Àpótí Bàbá ní bọ́tìnì 48. Bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ní ahọ́n méjì, ọ̀kan fún fífà, èkejì fún títì. Irin 96 nìyẹn, tí ẹnì kan jókòó tì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń ha, tó ń gbọ́, tó tún ń ha. Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún àwọn ọmọ Bàbá nìyẹn: ẹ má wò ó bí ìṣeré ọmọdé. Etí ẹnì kan wà nínú rẹ̀.

Ní ti "Ṣáínà" tí oníṣòwò yẹn wí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣèèṣì sọ òótọ́. Àwọn ará Ṣáínà ní fèrè kan tí wọ́n ń pè ní sheng, tó ní ọ̀pá oparun púpọ̀ lórí igbá kan. Irú ahọ́n bẹ́ẹ̀ ló ń dún nínú rẹ̀, wọ́n sì ti ń fun ún fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí Yúróòpù tó ṣe akọ́díọ̀nù rárá. Ṣùgbọ́n àpótí ti Bàbá kì í ṣe ọjà Ṣáínà.

Orúkọ mẹ́ta, ọwọ́ púpọ̀

Nínú ọnà tí wọ́n gé sí ara igi àpótí náà, pépà kékeré kan wà. Ó ti pọ́n, àmọ́ a rí i kà: Lachenal & Co., Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ-ọmọ Bàbá hó yèè. Ó rò pé a ti rí i. Mo ní kó farabalẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ la rí, a kò tíì rí ènìyàn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orísun. Ní ọdún 1829, ní Vienna, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Cyrill Demian gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ohun orin tó pè ní akọ́díọ̀nù. Ní ọdún kan náà, ní Lọ́ńdọ̀nù, Charles Wheatstone gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ lórí ohun èlò kékeré olóbọ́tìnì kan tí wọ́n ń fi ẹnu fun. Ní 1834, Carl Friedrich Uhlig ní ìlú Chemnitz ní Jámánì gbé concertina tirẹ̀ jáde. Láti ara ti Uhlig yìí ni Heinrich Band, ọmọ ìlú Krefeld, ti rí ọ̀nà tó fi gbé bandoneon jáde, èyí tí wọ́n ń fi kọ tango ní Argentina lónìí. Nígbà tó di 1844, Wheatstone gba ìwé àṣẹ mìíràn lórí concertina olójú mẹ́fà, irú èyí tó wà nílé Bàbá.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣe Physics ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ǹjẹ́ orúkọ Wheatstone kò dún létí yín? Òun náà ni. Wheatstone bridge tí wọ́n fi ń wọn agbára tí wáyà fi ń dènà iná, tó máa ń wà nínú ìdánwò WAEC, ọkùnrin yìí ni wọ́n fi sọ. Ẹ wá gbọ́ èyí: kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ gbé e jáde. Samuel Hunter Christie ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1833. Wheatstone ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó sì sọ nígbà yẹn pé Christie ló ni ín. Síbẹ̀, orúkọ Wheatstone ló lẹ̀ mọ́ ọn títí dòní.

Bákan náà ló rí nínú concertina. Wheatstone ló ronú rẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ Wheatstone ló wà lára rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òun ló ń jókòó ti fáìlì. Ọmọ Switzerland kan tó mọ iṣẹ́ irin dunjú, Louis Lachenal, wà lára àwọn tó ń bá wọn ṣe é. Òun ló ṣètò ẹ̀rọ àti irinṣẹ́ tí wọ́n fi lè ṣe púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní nǹkan bí 1858, ó kúrò lábẹ́ Wheatstone, ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn concertina tirẹ̀ kò wọ́n tó ti ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, nítorí náà àwọn òṣìṣẹ́ àti mẹ̀kúnnù náà bẹ̀rẹ̀ sí í rí i rà.

Lachenal kú ní 1861. Ilé-iṣẹ́ náà kò kú. Ìyàwó rẹ̀, Elizabeth, ló gbà á, tó ń darí rẹ̀ títí di 1873 tó tà á. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, obìnrin ló ń san owó oṣù, obìnrin ló ń bójú tó iṣẹ́, orúkọ ọkọ tó ti kú ni aráyé sì ń kà lára àpótí. Lẹ́yìn títà yẹn ni orúkọ "Lachenal & Co." wá jẹ yọ. Iṣẹ́ náà ń lọ títí di àwọn ọdún 1930, kó tó dáwọ́ dúró.

Nítorí náà, pépà kékeré yẹn sọ nǹkan méjì fún wa. Àpótí Bàbá kò lè ju 1873 lọ sẹ́yìn, kò sì lè wá lẹ́yìn àwọn ọdún 1930. Nígbà tí atukọ̀ yẹn tà á ní Àpápá, àlòkù ni, ó sì ṣeé ṣe kó ti gba ọwọ́ ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọjá. Tòkunbọ̀ ni, kí ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ tó gbòde.

Ìwé tó wà àti ìwé tó sọnù

Bàbá gbà kí a tú u. Ìṣó alákàn mẹ́fà ló wà lójú kan, mẹ́fà lójú kejì. A fi screwdriver kékeré tí wọ́n fi ń tú fóònù ṣí i díẹ̀díẹ̀, ọmọ-ọmọ Bàbá ń ya fídíò. Nínú rẹ̀, nọ́ńbà kan náà wà lára igi ọ̀tún, lára igi òsì àti lára férémù awọ. Ìyẹn fi hàn pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n jáde, kò sí ẹni tó já ara òmíràn fi tún un ṣe. Lẹ́bàá nọ́ńbà náà, ẹnì kan fi pẹ́ńsù kọ lẹ́tà méjì. Lẹ́tà méjì péré. Ojú mi gbóná nígbà tí mo rí i, nítorí ibi tí oníbàárà kò lè rí ni ó kọ ọ́ sí. Ara wọn ni àwọn òṣìṣẹ́ ń kọ̀wé sí.

Tó bá jẹ́ pé Wheatstone ló ni nọ́ńbà yẹn ni, ibi tí a ó gbà ì bá mọ́lẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ Horniman. Ìwé ìkọ̀wésí ilé-iṣẹ́ Wheatstone wà níbẹ̀, àwọn ìwé ńlá tí wọ́n fi ọwọ́ kọ ọjọ́ tí concertina kọ̀ọ̀kan jáde sí, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Wọ́n ti ya àwòrán ojú ewé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni. Ìwọ tó wà ní Amúwo lè fi dátà rẹ ṣí ìwé tí akọ̀wé kan fi kálàmù kọ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ayé Ọbabìnrin Victoria.

Ṣùgbọ́n irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti ilé-iṣẹ́ Lachenal kò kù. Wọ́n ti ṣòfò. Ohun tí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ń ṣe ni kí wọ́n fi nọ́ńbà, pépà àti irú bọ́tìnì wéra, kí wọ́n lè sọ pé ó tó àsìkò báyìí. Lẹ́tà méjì yẹn ni gbogbo ohun tó kù nípa ẹni tó ṣe ti Bàbá. Ilé-iṣẹ́ méjì, ìlú kan náà, iṣẹ́ kan náà: ọ̀kan pa ìwé rẹ̀ mọ́, ìkejì kò pa á mọ́. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ìdílé kan ní Èkó ló ń jẹ gbèsè rẹ̀.

Bó ṣe dé ilẹ̀ wa

Ẹ ti lè máa bi ara yín pé kí ni ohun orin òyìnbó yìí ń wá ní etíkun wa. Àwọn atukọ̀ ló kọ́kọ́ gbé e kiri. Àwọn ọmọ Kru láti Láíbéríà máa ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó ń ná Freetown, Accra àti Èkó. Ohun orin tó rọrùn láti gbé kiri ni wọ́n ń gbé: gìtá, hámóníkà, concertina. Ní etíkun Ghana, àwọn Fante fi gìtá àti akọ́díọ̀nù mọ́ ìlù tiwọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wọ́n sì pe orin náà ní osibisaaba. Ara rẹ̀ ni highlife ti wá jáde.

Ẹ̀sìn náà gbé e wá. Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Ìgbàlà, Salvation Army, fẹ́ràn concertina ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí ẹnì kan lè gbé e kọ́rùn, kó máa rìn, kó máa kọrin, kí ohùn rẹ̀ sì bo ariwo ìgboro. Wọ́n dé Èkó ní 1920.

Ní ti àwa Yorùbá, ẹni tó gbé àpótí alábọ́tìnì wọ inú jùjú, tí gbogbo ayé sì gbọ́, ni Isaiah Kehinde Dairo. Ọ̀ffà ni wọ́n ti bí i ní 1930. Ní 1957, ó dá ẹgbẹ́ Morning Star Orchestra sílẹ̀, tó wá di Blue Spots lẹ́yìn náà. Akọ́díọ̀nù kékeré olóbọ́tìnì mẹ́wàá ló ń lò. Irú èyí yàtọ̀ sí ti Bàbá: bọ́tìnì kan náà, bí o bá tì í, ohùn kan, bí o bá fà á, ohùn mìíràn. Ó ní láti mọ ìgbà tí yóò fà àti ìgbà tí yóò tì kí orin tó dún bí Yorùbá. Ó mọ̀ ọ́n ṣe débi pé ọmọ tí kò rí akọ́díọ̀nù rí á rò pé ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ṣe é. Ní 1963, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè MBE.

Ohun kan wà nínú ìtàn Dairo tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Kó tó ní akọ́díọ̀nù, ìlù ló ní. Bàbá rẹ̀ ló ṣe ìlù náà fún un nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méje, òun ló sì gbé dání nígbà tó kúrò ní Ọ̀ffà lọ sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Ẹ rí i? Ohun orin Dairo àkọ́kọ́, a mọ ọwọ́ tó ṣe é. Ẹni tó ni ín ló sọ ọ́.

Kì í sì í ṣe àwa nìkan la gba àpótí yìí tí a tún un bí. Ní South Africa, àwọn Súlú tó ń ṣiṣẹ́ ní ibi ìwakùsà máa ń tú concertina wò, wọ́n á tún ahọ́n rẹ̀ tò kó lè bá orin tiwọn mu. Ní Cape Verde, akọ́díọ̀nù alábọ́tìnì tí wọ́n ń pè ní gaita ni òpó orin funaná. Ẹni tó gbà á tún di ẹni tó ṣe é.

Ìwé kọ́, oríkì ni

Ẹnì kan lè sọ pé àwọn òyìnbó ní ìwé, àwa ò ní. Ẹ má yára gbà á. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Èkìtì.

Agbẹ́gilére kan wà ní Ìsẹ̀-Èkìtì, Olówè ni wọ́n ń pè é. Òun ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkéré ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley. British Museum rí i, wọn kò lè gbójú kúrò. Ògògà gbà kí wọ́n mú un, wọ́n sì ṣe àga ọba kan ní Gẹ̀ẹ́sì fún un ní pàṣípààrọ̀. Olówè tún gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn fún ààfin. Iṣẹ́ rẹ̀ ti dé Lọ́ńdọ̀nù kí orúkọ rẹ̀ tó tẹ̀lé e débẹ̀.

Olówè kú ní 1938. Ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, John Pemberton, olùwádìí láti Amẹ́ríkà, dé Ìsẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Olówè ṣì wà láyé, ó sì ki ọkọ rẹ̀ ní oríkì. Nínú oríkì náà ni iṣẹ́ ọwọ́ Olówè wà, àti àwọn ìlú tó ti ṣiṣẹ́. Kò sí ìwé, kò sí nọ́ńbà. Ẹnu obìnrin kan ló pa orúkọ náà mọ́, tí kò jẹ́ kó rì.

Ẹ wá fi èyí wé ojú tí gbogbo wa mọ̀ ní Festac. Àdúgbò wa ń jẹ́ orúkọ àjọ̀dún tó wáyé láti 15 oṣù Kìíní sí 12 oṣù Kejì ọdún 1977. Àwọn àlejò àjọ̀dún náà ni wọ́n kọ́ ilé ibẹ̀ fún. Àmì àjọ̀dún náà ni ojú Idia, Ìyá Ọba Esigie ti Benin, tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó o lọ ní 1897. Nígbà tí Nàìjíríà bèèrè rẹ̀ fún àjọ̀dún, Lọ́ńdọ̀nù kò yọ̀ǹda rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọnà Benin gbẹ́ òmíràn, Erhabor Emokpae ló sì ya àmì tí gbogbo ayé rí. Àkọsílẹ̀ nípa ojú àtijọ́ yẹn sọ pé ọwọ́ Ralph Moor ló ti wà, pé lọ́wọ́ Charles Seligman ni British Museum ti rà á ní 1910. Ẹni tó kó o, orúkọ rẹ̀ wà. Ẹni tó tà á, orúkọ rẹ̀ wà. Ní ti ẹni tó gbẹ́ ẹ, orúkọ ẹgbẹ́ àwọn agbẹ́yín-erin ààfin, Igbesanmwan, la mọ̀. Ẹni tó di irinṣẹ́ mú gan-an kò sí nínú ìwé kankan.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ìwé nìkan kò tó. Ìwé máa ń rántí ẹni tó sanwó. Oríkì máa ń rántí ẹni tó ṣiṣẹ́. Ibi tí méjèèjì bá ti sọnù, bíi ti Lachenal, lẹ́tà méjì tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ ni yóò kù.

Ẹni tó tún un ṣe ní Agboju

Mo padà lọ jábọ̀ fún Bàbá. Mo sọ ìtàn Wheatstone, ti Lachenal àti ti Elizabeth. Mo fi lẹ́tà méjì yẹn hàn wọ́n. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ẹ ò tíì wo ibi awọ yẹn dáadáa." Wọ́n na ìka sí ìgun kan lára awọ tí a ń fà, níbi tí awọ dúdú tuntun kan wà lórí èyí tó ti gbó. Ìrán rẹ̀ mọ́ tónítóní. Aránbàtà kan ní ọjà Agboju ló lẹ̀ ẹ́ tó sì rán an ní bí ogójì ọdún sẹ́yìn, nígbà tí afẹ́fẹ́ ń jò, tí àpótí náà kò dún mọ́. Bàbá mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n mọ ìlú rẹ̀. Wọ́n mọ iye tó gbà àti bó ṣe ní kí wọ́n kọrin kan fún òun wò kí òun tó gba owó.

Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè rí, ni wọn kò ṣe sọ.

Ọmọ-ọmọ Bàbá fi fóònù rẹ̀ gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó kọ orúkọ aránbàtà náà sórí pépà, pẹ̀lú orúkọ Bàbá Àgbà tó rà á ní Àpápá, àti lẹ́tà méjì ti Lọ́ńdọ̀nù. Ó ká a, ó fi sínú àpótí kí a tó dè é padà. Àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáwó jọ san owó ilé ìwòsàn náà. Ọ̀kan ṣì ń kùn pé ì bá ti sàn kí wọ́n tà á, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, owó kò sí nígboro. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún pè é ní "Ṣáínà" mọ́ nínú ilé náà, oníṣòwò yẹn kò sì rí i rà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbọ́ mi, púpọ̀ nínú yín ló ní nǹkan tí ẹnì kan fi ọwọ́ ṣe nílé: gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agídìgbo, àpótí ìyá àgbà, aṣọ òkè ìgbéyàwó. Ẹ má dúró di ìgbà tí oníṣòwò bá dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ bi àgbàlagbà tó wà nítòsí yín lálẹ́ òní: ta ló ṣe é, níbo ló ti wá, ta ló tún un ṣe nígbà tó bàjẹ́? Ẹ tẹ bọ́tìnì ìgbohùnsílẹ̀ lórí fóònù yín kí wọ́n tó dáhùn. Bí ẹ bá sì lọ gba ìlù tuntun lọ́wọ́ oníṣẹ́, ẹ ní kó kọ orúkọ rẹ̀ sínú rẹ̀, orúkọ kíkún, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìlú. Lẹ́tà méjì kò tó ọmọ ènìyàn.

Ibi tí a ó ti dá a dúró nìyí lónìí. Bí ẹ bá rí orúkọ kan nínú nǹkan ilé yín, ẹ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, a ó kà á lórí ètò. Títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wa di ohun tí a kò mọ ẹni tó ṣe é. Ó dàbọ̀ o.